Àáké Tíṣà Adétóyè

"Àáké ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìlagi kì í dípẹtà." Ní Òkè-Ọ̀pẹ tiwa níbí, kò sí àgbà tí kì í pa òwe yìí, kódà àwọn tí kò fi ojú kan ẹ̀rọ ìlagi rí ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ má wulẹ̀ máa wòkè bí ẹni pé ara àjà ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Kì í ṣe òwe ayé àtijọ́ rárá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ó ṣì ń jẹ iṣu dáadáa, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́. N ó sọ ọ́.

Akínlàbí ni orúkọ rẹ̀. Igi ìdáná ló ń tà fún obìnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì ní ìgboro. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń fi àáké la igi, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyá oníbúrẹ́dì kọ́ ààrò kejì, ó sì kìlọ̀ fún un pé igi tí ó ń kó wá gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò wá onígi mìíràn. Akínlàbí mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹ̀yìn òun lè sọ di ìlọ́po méjì mọ́, àfi ariwo.

Àsìkò yẹn gan-an ló gbọ́ pé Tíṣà Adétóyè, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ní ìlú kejì, fẹ́ ta ẹ̀rọ ìlagi kan, tòkunbọ̀ tí àna rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Akínlàbí kò ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní alùpùpù kan tí ó fẹ́ràn ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lọ. Tíṣà ní òun yóò gbà á dípò owó. Ni Akínlàbí bá gbé ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, sẹ́yìn alùpùpù náà, wọ́n lọ wo ẹ̀rọ.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti bá a. Tíṣà ti fọ̀ ọ́, ó ti fi epo pa á lára, ó ń dán bí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Irin gígùn kan wà lára rẹ̀ tí a ń tẹ́ igi lé. Irin ẹlẹ́nu mímú wà ní ìpẹ̀kun, ọwọ́ irin kan sì ń ti igi lọ bá a. Tíṣà fa okùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà bú ramúramù. Adìẹ sá wọ ilé ìdáná. Ewúrẹ́ kan jábọ́ lórí ògiri. Tíṣà tẹ́ ìtì ìbẹ́pẹ kan sórí irin, ìtì náà sì là sí méjì bí ẹ̀kọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtì ìbẹ́pẹ ni mo wí o. Ìyá mi àgbà lè fi eyín la ìbẹ́pẹ, bẹ́ẹ̀ méjì péré ló kù lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n inú Akínlàbí ti dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lórí. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ti lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ó padà dé, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àáké kan wà lẹ́yìnkùlé yín tí ẹnu rẹ̀ ń kọ mànà. Ta ló ń lò ó?"

"Háà, ìyá, àáké bàbá mi ni. Ìrántí lásán la fi í ṣe."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Ó ti pé ogún ọdún."

"Ta ló wá la òkìtì igi ìrókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì tutù."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Akínlàbí ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ìyá Dèjì, dákẹ́! Olùkọ́ ni wọ́n. Ṣé olùkọ́ máa ń purọ́ ni?"

Rẹ̀mílẹ́kún, tí olùkọ́ kan ti sọ fún nígbà èwe rẹ̀ pé yóò di dókítà, kàn nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró ni.

Wọ́n fi alùpùpù sílẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹ̀rọ wálé. Ní ọjọ́ kejì, Akínlàbí pe gbogbo àdúgbò jọ. Ó pe ìyá oníbúrẹ́dì pẹ̀lú, ẹni tó wọ aṣọ funfun wá. Ó dé fìlà tuntun, ó tẹ́ ìtì ìrókò sórí irin, ó fa okùn. Ẹ̀rọ bú ramúramù, ọwọ́ irin ti igi náà dé ibi ẹnu mímú, ó sì dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ó ń ké, èéfín ń rú; igi kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bá òun jà. Lẹ́yìn náà, ohun kan bẹ́ lábẹ́ rẹ̀, epo dúdú sì tú jáde, gbogbo rẹ̀ ló lọ sára aṣọ funfun.

Ìyá oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ nu ojú. "Akínlàbí, ó di ọjọ́ Ẹtì," ni ó wí. "Bí n kò bá rí igi, n kò fẹ́ rí ìwọ náà."

Mẹkáníìkì tó tú ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ohun tó ń fún ọwọ́ irin náà lágbára ti kú tipẹ́. Ẹnìkan kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó lè máa pariwo ni.

Akínlàbí kò lè jẹun. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, fìlà tuntun lórí itan. Ó ní, "Ìyá Dèjì, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Èmi náà rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n wá. Ẹ̀rọ yẹn ló ti wọ̀ mí lójú, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbé e padà."

Nígbà tí wọ́n dé ilé Tíṣà, Rẹ̀mílẹ́kún kò kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yìnkùlé ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà gbà lọ tààrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá olùkọ́ àgbà, kò wọ ẹ̀wù, òógùn bò ó, ó gbé àáké sókè lórí ìtì ìrókò. Àáké kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Tíṣà wí. "Mo ń ṣe ìrántí bàbá mi ni."

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lórí odi. Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Ọ̀rọ̀ kò pọ̀, Tíṣà. Ẹ tẹ́ ìtì tó wà níwájú yín yẹn sórí ẹ̀rọ. Bó bá là á, a ó máa lọ."

Tíṣà wo igi, ó wo ẹ̀rọ, ó wo àwọn tó wà lórí odi. Ìdajì wọn ló ti kọ́ níwèé, tó sì ti nà lẹ́gba nítorí irọ́ pípa. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù jáde. Akínlàbí gbà á, ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún tún na ọwọ́.

"Kí lẹ tún ń fẹ́?"

"Àáké náà ni. Ẹ̀rọ ìlagi la wá rà níjọ́sí, èyí tó ń la igi nìyẹn. Ẹ máa fi ẹ̀rọ yín ṣe ìrántí."

Bàbá arúgbó kan lórí odi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí nǹkan!" ni ó wí. "Àáké ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìlagi kì í dípẹtà!" Ọ̀rọ̀ náà sì gun alùpùpù dé Òkè-Ọ̀pẹ kí tọkọtaya náà tó délé.

Àáké nìkan kò lè tó iṣẹ́ náà o. Akínlàbí gbé ìgbéraga jù sílẹ̀, ó lọ bẹ Oyèbọ̀dé, onígi ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò kí ara wọn fún ọdún mẹ́ta, pé kí wọ́n jọ pín iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì pé, ààrò méjèèjì jó.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń yin ohun tí òun fúnra rẹ̀ kì í lò, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí: aṣòfin tí ń yin ilé ẹ̀kọ́ wa, tí ọmọ tirẹ̀ ń kàwé lókè òkun, ẹni tí ń ta àgbo ibà, tí ara rẹ̀ gbóná tó sáré lọ sí ọsibítù, alárenà tí ń ròyìn ọkùnrin kan fún ọmọ yín, tí kò fi ọmọ tirẹ̀ fún un. Wọn kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àáké ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìlagi kì í dípẹtà, wọ́n á sì dìde, wọ́n á rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ.