Èjìdé àti Omi Tí Ń Bọ̀ Tí Kò Kún

Òṣòòrò-já-lókè-kò-bi-ilẹ̀-léèrè ni oríkì awo tí ó da ẹẹ́rìndínlógún fún Èjìdé, ní ọjọ́ tí oorun kọ̀ ọ́, tí oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́, nítorí omi tí ń bọ̀ tí kò kún.

Èjìdé ni ó ń tọ́jú Àgbọ́yà, òṣòòrò omi tí ń já láti orí àpáta nínú igbó Ìdómògún. Ìyá Èjìdé ni ó ń tọ́jú omi náà tẹ́lẹ̀ kí ó tó kú. Àgbọ́yà kì í ṣe omi tí a ń fi ìpọ́njú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń lọ sóko yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kò sì ní í rìn jìnnà tí yóò fi dé etí ibú. Abiyamọ ń pọn ọmọ lọ síbẹ̀. Arúgbó ń tẹ ọ̀pá lọ. Nínú ibú tí ó wà nísàlẹ̀ òṣòòrò yìí ni Èjìdé ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn òbí wọn a sì fi iṣu àti epo dá a lọ́lá.

Ní ọdún kan, bí òjò ti dá, ibú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Òṣòòrò kò dínkù rárá; bí ó ti ń já tẹ́lẹ̀ ni ó ń já. Ṣùgbọ́n ibi tí omi ti ń mu ènìyàn dé ọrùn, kò mu ú ju orókún lọ mọ́, ojú ìṣàn tí ibú ń gbà jáde sì gbẹ táútáú. Èjìdé gún igi mọ́lẹ̀ létí omi. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, omi ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ó bi àwọn ọdẹ, wọn kò mọ̀. Ó fi etí lé àpáta, ó gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀ bí ẹni tí ń lọ ata. Níbo ni omi ń gbà lọ? Àwọn tí ń wá wẹ̀ ti ń dínkù, iṣu pẹ̀lú ti ń dínkù, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí gan-an ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ó tọ Ìyá Ẹfúnṣeyè lọ, awo tí ń jẹ́ oríkì tí a pè níbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ìyá da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí atẹ, márùn-ún ṣí ojú: odù Ọ̀ṣẹ́ ni. Ó bi Èjìdé:

“Ṣé kí omi padà ni o ń fẹ́, tàbí kí o mọ ibi tí ó ń lọ?”

Èjìdé kúnlẹ̀. “Ìyá, bí mo bá ní kí ó padà nìkan ni mo ń fẹ́, irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ mọ̀.”

“Kò burú. Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹbọ ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ.” Ẹyẹlé méjì ni wọ́n ní kí ó rú, pẹ̀lú obì, oyin nínú igbá tuntun tí ó ní ọmọrí, àti okùn tuntun tí ó gùn tó ogún ọ̀pá. Kí ó gbé igbá sójú omi. Kí ó so okùn mọ́ gbòǹgbò igi arère létí ibú, kí ó fi í síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ má sì wọ omi náà títí di ọjọ́ keje.

“Kí ni okùn yóò ṣe, ìyá?”

“Wọn kò sọ èyí fún mi.”

Ibi tí Èjìdé ti ń lọ́ okùn ni Látòósà, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá a. Kò sí ẹni tí ó mọ omi wẹ̀ tó o ní gbogbo Ìdómògún.

“Ìyàwó, màlúù wo ni o fẹ́ so?”

“Ọkọ mi, wọ́n ní kí a má wọ omi di ọjọ́ keje. Gbogbo ilé ni wọ́n dárúkọ. Ẹ jọ̀ọ́.”

Látòósà bú sẹ́rìn-ín. “Omi tí kò ju orókún lọ? Kí n tó pààrọ̀ eyín ni mo ti ń wẹ̀ níbẹ̀! Èmi ni n ó wo ìdí rẹ̀, n ó sì wá ròyìn fún ìwọ àti ìyá arúgbó yẹn.”

Èjìdé rúbọ. Ó fín ẹja sí ara igbá náà, ó lẹ ọmọrí rẹ̀ pa pẹ̀lú ìda, ó gbé e sójú omi. Igbá yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ abẹ́ òṣòòrò lọ, kò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ Èjìdé ti kan omi kí ó tó rántí èèwọ̀ náà. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó sórí òkúta, ó fọwọ́ méjèèjì di orókún ara rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, Látòósà kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Ó wọ abẹ́ òṣòòrò, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ àpáta. Òkúta yẹ̀, omi fa apá rẹ̀ wọlé dé èjìká, òṣòòrò sì ń da omi lé e lórí. Ariwo ta. Èjìdé sáré dé, ṣùgbọ́n kò wọ omi. Ó ju okùn tí ó ti so mọ́ gbòǹgbò arère sí i láti etí ibú. Látòósà fi ọwọ́ òsì wé e mọ́ àyà, ọkùnrin mẹ́rin sì fà á títí ó fi bọ́. Ẹ̀mí kò lọ, ṣùgbọ́n èjìká ti yẹ̀. Àwọn tí ń to eegun ṣe títí. Apá náà kò gòkè ju àyà lọ mọ́.

Ní ọjọ́ keje ni àgbẹ̀ kan láti òdìkejì òkè gbé igbá kan wọ̀lú. “Ta ló fín ẹja sí èyí?” Ó ní omi ń ru jáde lábẹ́ òkúta ní àfonífojì Gbẹ̀rù, níbi tí koríko pàápàá kì í hù dáadáa, ibẹ̀ ni òun sì ti rí igbá náà.

Èjìdé sáré lọ. Ó bu omi náà tọ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. “Ibí ni o wà!”

Ibú tuntun tí omi yìí dá sílẹ̀ ní Gbẹ̀rù tutù, kò ní àpáta lórí, ọmọ ọwọ́ lè ṣeré létí rẹ̀. Oko tí ó yí i ká tutù yọ̀yọ̀. Ìlú fi ìtọ́jú omi méjèèjì lé Èjìdé lọ́wọ́, aṣọ àti iṣu kò sì wọ́n ọn mọ́ títí ó fi darúgbó. Látòósà a máa wá jókòó sétí ibú, apá rẹ̀ lórí itan. Bí àwọn ọmọ bá ní, “Bàbá, ẹ wọ inú omi wá,” a ní, “Ìyàwó wa ti sọ fún mi.”

Èjìdé gbọ́, ó ṣe é, ọ̀nà rẹ̀ là. Látòósà gbọ́, ó fi rẹ́rìn-ín, àbámọ̀ ni ó sì gbẹ̀yìn ẹ̀rín rẹ̀.