Èwo Ni Ọ̀tún?

Ọkùnrin agégi kan wà tí ẹ̀rọ ìlapákó gé lápá ọ̀tún. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan wọ ṣòkòtò, ó ń fi eyín so okùn. Kò sí ohun tí kò kọ́. Àfi ẹyọ kan: kò lè na nǹkan sí èèyàn.

O ṣáà mọ̀ pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ní kékeré, bó bá ti fi òsì na nǹkan pẹ́nrẹ́n, ìyá á gbá ọwọ́ náà, pà! Nítorí náà, ohun yòówù kí èèyàn béèrè, ilẹ̀ ló ń gbé e sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Kábíyèsí, ṣé ilẹ̀ náà la ó tún ti he iyọ̀ lónìí?"

Á rẹ́rìn-ín, kò ní yí padà. Kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an? Apá tó lọ ni, àbí èyí tó kù?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Iṣu sísun há ìyá lọ́fun. Ojú rẹ̀ yọ, kò lè sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́. Ọmọ sáré bu omi. Ó dé iwájú ìyá, ó dúró! Ó ń wá ibi tó máa gbé ife sí. Ìyá bá fa ọwọ́ náà tife-tife, ó mu ún.

Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní, "Àkànjí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọwọ́ òsì ni."

"Òsì kẹ̀? Èwo ni ọ̀tún níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo ìhà méjèèjì. Ẹ̀rín pa ìyá, ikọ́ tún mú un.

"Bu omi sí i. Kí o sì gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́!"

Nírọ̀lẹ́, baba àgbà kan yà kí wọn. Ọkùnrin náà na obì sí i. Baba ń wo ọwọ́, kò gbà.

Ìyá ní, "Ẹ gbà á, Baba. Ọ̀tún rẹ̀ nìyẹn."

Baba gbà á, ó sì súre.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mi ò mọ ohun tó gé kúrò lára rẹ. Èyí tó kù yẹn, ta ló sọ fún ọ pé òsì ni? Ẹnì kan ń wá omi níwájú rẹ. Nà án sí i.