Ẹran Tí Kò Ní Itan

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ olóore, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà máa na ọrùn bí ògòǹgò. Ọ̀rọ̀ ọdẹ kan ni mo mú wá, ẹni tó gbé ara rẹ̀ wúwo débi pé ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e mọ́. Ọdẹ́jìmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Àràbà, ọmọ ọdẹ, ọmọọmọ ọdẹ. Ó pa ẹfọ̀n, ó pa ìkookò, ó pa ẹkùn tó ń da àwọn àgbẹ̀ láàmú lóko. Tó bá ń kọjá, kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Òkè-Àràbà gbọ́ ìró ìbọn lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́, Ọdẹ́jìmí wọ̀lú, ó ní òun ti pa àgbọ̀nrín ńlá, òun sì ti já ewé sójú ọ̀nà bí àṣà àwọn ọdẹ, kí wọ́n wá bá òun gbé e. Àwọn ọkùnrin gbé agbọ̀n, wọ́n pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n tẹ̀lé e. Kí ni wọ́n bá? Gbérí Ọdẹ́jìmí fúnra rẹ̀ ni o, ẹ̀wù ọdẹ tó fọ̀ lódò lánàá, tó sá sórí igi kékeré kan, tó sì gbàgbé síbẹ̀! Ọta ti dá ihò sí i láyà. Wọ́n dúró yí i ká. Bàbá Olóyèdé, àgbà ọdẹ tó máa ń gé itan ẹran sọ́tọ̀ fún Baálẹ̀, wá gbé ọ̀bẹ sókè, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ọdẹ́jìmí, itan wo ni ti Baálẹ̀ níbẹ̀?”

Yéè! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìròyìn délé, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Àyọ̀ká, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń fọwọ́ lu itan. Inú bí ọdẹ. Ó ju gbérí sábẹ́ ibùsùn, ó ní, “Láti òní lọ, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí, èmi àti onítọ̀hún ni!”

Ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, Àyọ̀ká kò ṣeré mọ́, kò jẹun mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń wo àjà. Àgbo kò ràn án. Ìyá Ọdẹ́jìmí, arúgbó tí kì í jẹ ọ̀rọ̀ sẹ́nu, wá wí fún un pé, “Ọmọ mi, ẹ̀rín tí o lé nílé ti sá wọ Igbó Agbẹ́rìn-ín. Bí o ò bá lọ mú un wá, ọmọ yìí á tẹ̀lé e lọ.” Ẹ̀rù ba Ọdẹ́jìmí, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó gbé ìbọn, ó bọ́ sọ́nà.

Lẹ́nu ibodè igbó náà, iwin kan jókòó lórí kùkùté, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn délẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì kọ́lé sínú rẹ̀. Ó ní, “Àlejò, o kú ìrìn. Ta ni ọ́?”

Ọdẹ́jìmí gbé àyà síwájú. “Èmi ni Ọdẹ́jìmí tó pa ẹfọ̀n!” Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ọrùn ẹsẹ̀. “Èmi tí ẹkùn rí tí kò délé mọ́!” Ó rì dé orúnkún. “Èmi ọ̀gá gbogbo ọdẹ!” Ó rì dé ìbàdí.

Iwin náà mi orí. “Ọ̀rẹ́ mi, rọra, ilẹ̀ wa kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ni ọ́, o ń ka ohun tí o pa fún mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tìrẹ dà?”

Ọdẹ́jìmí bú sẹ́kún. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Àyọ̀ká ni mí. Ọmọ mi fẹ́ kú.”

Ilẹ̀ bá tú u sílẹ̀.

Iwin mú un wọnú igbó. Níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀rín tí wọ́n lé nílé gbogbo ti ń fò kiri láàárín ewé. Ọdẹ́jìmí dá ti Àyọ̀ká mọ̀, ẹ̀rín kékeré tí òsúkè máa ń parí. Ó nawọ́ sí i, kò ṣeé mú. Ó dẹ àpò ọdẹ sí i, ó jò lọ.

Iwin ní, “Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé e. Rẹ́rìn-ín, yóò bá ọ lọ.”

“Hà, hà, hà!”

“Ikọ́ nìyẹn.”

Ó rẹ ọdẹ, ó jókòó. Ó wo ara rẹ̀: ẹrẹ̀ dé ìbàdí, ó gbé ìbọn dání, ẹ̀rín ọmọdé ló wá dọdẹ. Ó wá rántí àwọn ọkùnrin tó dúró yí ẹ̀wù ká, tí wọ́n ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. “Itan wo ni ti Baálẹ̀ níbẹ̀,” ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ikùn rẹ̀ mì. Ẹ̀rín gbé e ṣubú, ó ń yí nínú ewé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹ̀gà fi tú jáde nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́jìmí dìde, ẹ̀rín kékeré náà ti wà láyà rẹ̀.

Ó sáré délé. Abẹ́ ibùsùn ló kọ́kọ́ lọ. Ó fa gbérí yọ, ó wọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó ń yọ ìka síta láti ojú ihò.

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá Àyọ̀ká, ṣé kò sí o?”

Àyọ̀ká wò ó pẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré púpọ̀. “Bàbá, ṣé ó sáré?”

“Kí ló sáré?”

“Ẹ̀wù yẹn.”

“Kò sáré, ọmọ mi.” Ọdẹ́jìmí wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àwẹ̀ró, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí, ìdí tí ìbọn fi dún lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ tàsé ni. Mo jókòó, mo tún ìbọn kì, ẹ̀wù náà sì dúró dè mí.”

Àwẹ̀ró di ògiri mú. Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, òsúkè gbé e, ó ní ebi ń pa òun.

Ọ̀rọ̀ mi tán, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbé ara rẹ̀ wúwo, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò máa rù ú. Bí ẹ bá délé, ẹ wo abẹ́ ibùsùn yín. Bí ẹ̀wù kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ fi pamọ́, ẹ gbé e wọ̀ kí àwọn ọmọ tó sùn.