Ìgbẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ Lórí Ọkọ̀ Dúdú

Ọkùnrin kan ń gbé ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ibí, ó sì ní ọkọ̀ dúdú kan. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ní láyé rẹ̀ ni. Igi ọ̀dán kan wà lẹ́nu géètì rẹ̀, àwọn ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ sórí igi náà, nítorí náà kò sí àárọ̀ tí kì í bá ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ọkọ̀. Kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìgbẹ́ ẹyẹ a máa jẹ ọ̀dà ọkọ̀ bí oòrùn bá ràn sí i. Kì í sì í fi aṣọ gbígbẹ nù ún, torí yanrìn máa ń wà nínú rẹ̀, yanrìn náà a sì máa ha ara ọkọ̀. Omi ló máa ń kọ́kọ́ dà sí i. Yóò wá tẹ́ aṣọ tútù lé e lórí, yóò lọ jẹun àárọ̀. Nígbà tó bá fi máa padà dé, ìgbẹ́ náà ti rọ̀. Yóò rọra gbé e kúrò, kò ní fi agbára kankan sí i, yóò sì da omi mìíràn sí i kó lè mọ́. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé onísùúrù èèyàn ni.

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkùnrin náà kò tíì lè rìn, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì gbé e pọ̀n títí ó fi lè dá rìn. Abúlé ni obìnrin náà ń gbé. Nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun ti ra ọkọ̀, ó mú èyí tó sanra jù nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń sìn, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì wọkọ̀ wá bá a yọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà láti ibi iṣẹ́ wá kí i, wọ́n jókòó lẹ́yìn ilé. Bí ẹ̀gbọ́n náà ti wọ inú ọgbà, ajá ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó ń fò mọ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà kí ajá má pa ohun tó gbé wá fún àbúrò rẹ̀. Ó wò yíká, kò rí ibi gíga mìíràn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé iwájú ọkọ̀, ó dì í mú, ó sì ń pe àwọn onílé. Wọn kò tètè gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ náà yàgbẹ́. Ìgbẹ́ náà gba ojú apẹ̀rẹ̀ jáde, ó ṣàn sórí ọkọ̀ tí oòrùn ti mú gbóná, ó sì gbẹ mọ́ ọn.

Ọkùnrin náà jáde wá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Àdìgún, ọkọ mi, ojú rẹ rèé!"

Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà ti dé ara ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí i nínú jù. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ jù sílẹ̀, ó fa aṣọ gbígbẹ kan yọ lórí okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha ìgbẹ́ náà.

"Àdìgún, rọra," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n lọ bu omi wá."

Ó túbọ̀ ń ha á. Gbogbo wọn ń gbọ́ bí yanrìn ṣe ń dún lára ọkọ̀. Nígbà tó gbé aṣọ kúrò, ilà funfun ti wà káàkiri ara dúdú náà. Ó rí i pé ọwọ́ òun ló ṣe é, inú tún wá bí i sí i. Ó kọjú sí obìnrin náà.

"Ta ló tiẹ̀ ránṣẹ́ pè yín? Kò sí ohun tí ẹ máa fọwọ́ kàn tí kò ní dọ̀tí. Ẹ wo ara yín láàárín àwọn èèyàn!"

 Obìnrin náà kò sọ fún àwọn àlejò pé ọwọ́ yìí kan náà ni òun fi ń fọ aṣọ ìgbẹ́ ọkùnrin yìí nígbà tí àìsàn èéyi fẹ́ pa á lọ́mọdé. Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ nílẹ̀, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga kan, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì jáde. Ìyàwó ọkùnrin náà fi omi mímu sá tẹ̀lé e.

"Má ṣèyọnu, ìyàwó mi," ni ó wí fún un. "Mo gbé nǹkan kaná sílé ni."

Ọ̀nà abúlé náà sì jìn.

Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun mọ́tò. Onítọ̀hún fá ibẹ̀, ó tún un kùn, ó mú kó dán. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tó ti ha mọ́. Síbẹ̀ ara ọkùnrin náà kò balẹ̀. Ó fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ń sọ pé ọ̀la, ó ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí òjò ọdún yẹn fi rọ̀ tán.

Nígbà tó dé abúlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde síta. Ó wò ó, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Èmi Àdìgún ni."

"Mo mọ̀ yín, sà."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ní òun ti dárí jì í tipẹ́, kò sí nǹkankan nínú òun. Òótọ́ ló sọ, kì í ṣe obìnrin tó ń di èèyàn sínú. Ọkùnrin náà ní kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sílé òun kó lọ sinmi. Ó gbà. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ọkọ̀, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó mú un dání. Ó mú ọ̀rá kan, ó tẹ́ ẹ sórí àga ọkọ̀, ó jókòó sí etí rẹ̀, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì lé itan kí ó má baà kan nǹkankan.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin náà fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò lè wakọ̀ mọ́. Ó gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀, ó ń sunkún.

"Ṣé kò sí, sà?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Kò gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ibi tí ọwọ́ náà wà ló fi í sí.

Obìnrin náà lo ọdún púpọ̀ láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ń bọ̀ wá kí wọn, ó ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Nígbà tí àìsàn ikú dé, ọkùnrin náà jókòó tì í lórí ibùsùn, ó ń retí pé kó pe òun ní Àdìgún lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni, "Ẹ ṣeun, sà."

Gbénró, o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n tẹ̀lé ọ lọ bá bàbá rẹ wí. O ní ó tọ̀ sórí àga lánàá níwájú àwọn àna rẹ, ojú sì tì ọ́. O ti pinnu ohun tí o fẹ́ sọ fún un, mo rí i lójú rẹ. Mi ò ní tẹ̀lé ọ. Àga lè mọ́, bí kò bá sì mọ́, wọ́n á gbé òmíràn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ lọ sọ yẹn ni kò sí ẹni tó lè tún un kùn. Bàbá rẹ lè dárí rẹ̀ jì ọ́ lónìí, kó sì máa bẹ̀rù rẹ títí tí yóò fi kú.

Má sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn, ń jẹ ẹ́ níbi tó jókòó sí báyìí. Lọ sílé. Ti ilẹ̀kùn yàrá. Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, bá a bọ́ ṣòkòtò ìdí rẹ̀, fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, kí o sì máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ oko tó dá nígbà èwe rẹ̀.