Àyè Sílà Nínú Ilé Ìdámẹ́wàá

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Sílà bí, ọmọ náà sì ti lọ ṣiṣẹ́ kòkó ní apá Kùmásì láti ọdún méje. Ọdún méjì ló ní òun óò lò. Bí ìyá rẹ̀ bá ń se iṣu, ó máa ń ṣèèṣì se ti ẹni méjì, yóò wá jókòó ti ìkejì títí yóò fi tutù. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an.

Àgbẹ̀ ni gbogbo ará abà Òkè-Ìrókò, irè oko ni wọ́n sì fi ń san ìdámẹ́wàá. Ìjọ kọ́ ilé alámọ̀ kan tí wọ́n ń kó o sí. Olóko kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi ẹfun kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ẹni tí àyè rẹ̀ bá ṣófo lọ́jọ́ ìkórè, Bàbá Ẹ́sírà tó ń tọ́jú ilé náà yóò fi àkísà tútù pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Lọ́dọọdún ni Ìyá Sílà ń gbé iṣu sí àyè tirẹ̀, tí ó sì ń gbé òmíràn sí ti ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn olóko lọ́jọ́ ìkórè, tí ó kan Sílà, òun ní í dáhùn pé, "Ó ń bọ̀!" Àwọn èèyàn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu ayé kò kúkú nílẹ̀kùn.

"Ìyá Sílà, ẹ gba kámú," ni Bàbá Ẹ́sírà máa ń wí. "Àjò ti dùn mọ́ ọmọ yín."

"Àjò wo ló lè dùn tó bẹ́ẹ̀, Bàbá? Ṣebí ó nílé."

Lọ́dún keje, òjò kọ̀, kò rọ̀. Nígbà tí obìnrin náà yọ èbù sọ́tọ̀ tán, iṣu kan péré ló ṣẹ́ kù fún àyè méjì. Lọ́jọ́ ìkórè, ó gbé e sí ti Sílà.

Bàbá Ẹ́sírà ti àkísà bọ omi, àánú sì ṣe é. "Orúkọ yín ni n óò pa rẹ́ o."

"Ẹ pa á rẹ́. Èmi wà níbí, ẹ ń wò mí. Tọmọ mi ni kò gbọdọ̀ parẹ́. Bó bá dé, kí ni yóò fi mọ̀ pé à ń retí òun?"

Bàbá Ẹ́sírà mí kanlẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ parí orúkọ pípè. "Sílà!"

Kí ìyá tó lanu, ẹnìkan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mo ti dé, Bàbá!"

Sílà ni, eruku bò ó, àpò wà léjìká rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Alájàpá kan ló sọ fún mi lọ́hùn-ún, Ìyá mi, pé iṣu mi kò wọ́n nínú ilé yìí rí, èmi tí n kò kọ ebè kan níbí láti ọdún méje. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Sílà fi ọwọ́ kejì gbé iṣu náà kúrò ní àyè tirẹ̀, ó gbé e sí ti ìyá rẹ̀.

"Tèmi ni kí ẹ pa rẹ́, Bàbá. Ẹ óò tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti wálé."

Bàbá Ẹ́sírà fún omi inú àkísà náà dànù, kò sì pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń fi tu ẹni tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn odi nínú pé: àjò kì í dùn, kí onílé má relé.