Aago Tó Lé Bàbá Òjélabí Dé Pápá

A ṣe ìlérí, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ìlérí, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá gbé omi kaná nísinsìnyí yóò gbọ́ òpin rẹ̀ kí omi tó hó. Bí omi bá kọ́kọ́ hó, iná ni kí ẹ bi, ẹ má bi ìtàn.

Tíṣà fẹ̀yìntì ni Bàbá Òjélabí ti àdúgbò Òkè-Ọsàn. Nígbà èwe rẹ̀, Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ọmọ ilé-ìwé kankan lágbègbè náà tó lè bá a sáré kó má jẹ eruku. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù pàápàá máa ń rọlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbà á lálejò, àlejò náà kò sì dìde mọ́. Ikùn rẹ̀ ni í kọ́kọ́ wọlé kí òun tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ ìkórè, ó ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní láti jókòó sí agbedeméjì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀ lọ tẹ Tìwàlọlá, ọmọ wọn, láago ní Ìlọrin. Aago tó tẹ̀ yìí ló bí aago tí à ń sọ ìtàn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Tìwàlọlá, nọ́ọ̀sì kì í sì í jiyàn. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó so aago eléré ìdárayá kan mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó wá kúnlẹ̀, nítorí pé ìdúró kọ́ ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ fi ń halẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, aago yìí ń ka bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ohun tó bá rí níbí, fóònù mi á rí i ní Ìlọrin. Dókítà ní kí ẹ padà sídìí eré sísá, díẹ̀díẹ̀. Bí ọkàn yín bá ń sáré ju ẹsẹ̀ yín lọ, aago á ké. Bó bá ké, mò ń bọ̀ wá kó yín lọ sọ́dọ̀ mi."

"Kí n lọ ṣe kí ni ní Ìlọrin?"

"Kí ẹ lọ sinmi, sà."

Ara bu Bàbá Òjélabí máṣọ. Bí àwọn ọmọ Bàbá Ṣóbándé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣe wá kó o lọ "sinmi" náà nìyẹn. Wọ́n fi í sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti ilẹ̀kùn kó má baà ṣubú, kò sì sí ẹni tó ń kí i pé ẹ kú àárọ̀ àfi tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó máa padà sí Òkè-Ọsàn, inú pósí ló wà. Ó ti sinmi délẹ̀.

Ni Bàbá Òjélabí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí kànga ẹ̀yìnkùlé ká. Ó rí i kíákíá pé eré kọ́ ni ìṣòro òun, ẹ̀rù ni. Bó bá wo aago, àyà rẹ̀ á já. Bí àyà rẹ̀ bá já, ojú aago á pọ́n. Bó bá rí i pé ojú aago pọ́n, àyà rẹ̀ á tún já.

"Bàbá Tìwà, ẹ gbójú kúrò lára aago yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ìwọ náà gbójú kúrò lára mi."

"Bí mo bá gbójú kúrò, ta ni yóò gbé yín nílẹ̀?"

Nígbà tó sú u, ó bọ́ aago náà, ó fi kọ́ ìṣó. Kò pẹ́ tí Tìwàlọlá fi pè pẹ̀lú ẹkún: aago ní ọkàn bàbá òun ti dákẹ́.

"Ìṣó ni mo fi í kọ́. Ìṣó kò ní ọkàn."

"Ẹ so ó padà mọ́wọ́, sà." Ó nu ojú rẹ̀, ó wá là á mọ́lẹ̀: "Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sáré láti ilé dé pápá ilé-ìwé tí ẹ ti ṣe tíṣà. Bí aago kò bá ké, n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Bó bá ké, ẹ di ẹrù yín."

Láàárọ̀ Sátidé náà, ìyàwó rẹ̀ ti gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọn eruku rẹ̀ ni. Bàbá Òjélabí wo àpótí, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó jáde. Ó rọra ń sáré bí ẹni tó ru ẹyin. Aago dákẹ́. Ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, aago dákẹ́. Ó kọjá ilé Bàbá Ṣóbándé tí koríko ti gba ojúde rẹ̀, kò wo ibẹ̀.

Ó wá dé ibi tí Ìyá Ràmọ́tà ti ń yan gàrí. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ènìyàn ń ṣe ní Òkè-Ọsàn tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì rí àgbàlagbà tó ń sáré níbẹ̀ rí.

"Bàbá tíṣà, ẹ kú… ẹ kú…" Ìyá Ràmọ́tà wá ọ̀rọ̀ tì.

Dókítà ti kìlọ̀ pé kí Bàbá má sọ̀rọ̀ bó bá ń sáré. Ó fẹ́ wo aago, ó sì fẹ́ dáhùn ìkíni, ó bá fi ọwọ́ kan náà ṣe méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó jù ú síwájú, ó kọjá.

Ìyá Ràmọ́tà jọ̀wọ́ igbá tó fi ń ro gàrí. Bàbá Òjélabí, tó na òun àti gbogbo ẹgbẹ́ òun nílé-ìwé nítorí ọwọ́ òsì, ló fi ọwọ́ òsì kí òun!

"Yéè! Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́!" Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó gbá tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé?" Làmídì tó ń lẹ táyà bi í.

"Ṣé èmi mọ̀ ni? Bàbá ló mọ̀! Ọwọ́ òsì ló fi ní ká máa bọ̀!"

Làmídì ju táyà nù. Télọ̀ náà já síta pẹ̀lú oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ṣì ku apá kan. Kí a tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti dìde.

Bàbá Òjélabí gbọ́ gìrì-gìrì lẹ́yìn, ó wẹ̀yìn, ó rí èrò tó ń sá bọ̀. Ẹni tó bá dúró bi èrò tó ń sá pé kí ló dé, òun ni ìdáhùn máa ń kọ́kọ́ bá. Ẹ̀fúùfù bá jí. Ó gbàgbé ikùn, ó gbàgbé dókítà. Aago ń ké bí òròmọdìẹ tí àṣá gbé, ṣùgbọ́n ta ló ráyè?

Pápá ni gbogbo wọn ṣubú sí. Baálẹ̀ gun ọ̀kadà dé, fìlà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn.

"Kí ló ń lé yín?"

Gbogbo wọn nawọ́ sí Bàbá Òjélabí. Bàbá Òjélabí nawọ́ sí gbogbo wọn. "Àwọn ló ń lé mi!"

"Àwa kọ́ o! Ẹ̀yin la tẹ̀ lé!"

Baálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Tíṣà, ẹni ọjọ́ orí yín kì í déédéé sáré. Kí lẹ̀ ń lé?"

"N kò lé nǹkan kan, Baálẹ̀."

"Ǹjẹ́ kí ló ń lé yín?"

Bàbá Òjélabí gbé ọwọ́ òsì sókè. "Òun nìyí. Èmi ni mo so ó mọ́ra." Ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìlọrin fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló rántí Bàbá Ṣóbándé.

Fóònù dún nínú àpò ṣòkòtò Bàbá. "Bàbá mi, aago ti ké! Mo ti wọ mọ́tò. Àwọn wo ló ń mí báyẹn?"

Ìyá Ràmọ́tà já fóònù gbà lọ́wọ́ Bàbá. "Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìdárayá la wà. Gbogbo àdúgbò ló ń bá Bàbá sáré. Àbí irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn?"

"Ìdárayá ni!" ni wọ́n fi ìwọ̀nba èémí tó ṣẹ́ kù fún wọn ké.

Tìwàlọlá ní kí wọ́n dá fóònù padà fún bàbá òun. "Bàbá mi, gbogbo àwọn yẹn ló tẹ̀ lé yín?"

"Wọn kò jìnnà sí mi," Bàbá Òjélabí wí, òótọ́ sì ni.

"Aago ní ọkàn yín ti ń rọlẹ̀. N kò ní ẹni tí yóò bá yín sáré ní Ìlọrin." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ dúró síbẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n màá máa wò yín ní gbogbo Sátidé."

Láti ọjọ́ náà ni Òkè-Ọsàn ti ń sáré ní gbogbo Sátidé, Baálẹ̀ pẹ̀lú bàtà sálúbàtà, Ìyá Ràmọ́tà pẹ̀lú èébú wẹ́wẹ́ lábẹ́ ahọ́n. Wọ́n sì ti rí ìkíni fún un. Ẹni tó jókòó á ní, "Kí ló ń lé yín o?" Ẹni tó ń sáré á ní, "Ẹ̀yin ni!" Àpótí ti padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn kan yóò sọ pé òwe tó kàn yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó so aago mọ́wọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn, wọn kò sí ní pápá lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Kò gbọdọ̀ dé Ìlọrin.