Ó Bì, Ó Dé

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ agégẹdú. Ìfun rẹ̀ lọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó bì títí ojú ọgbẹ́ fi là, díẹ̀ ló sì kù kí ó kú.

Ní ilé ìwòsàn náà, garawa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ilé a máa jókòó sórí àga gbọọrọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn a dákẹ́, wọn a tẹ́tí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èébì nínú garawa, wọn a dìde, wọn a ní, "Ó bì, ó dé!" Wọ́n gbà pé oorun abẹ́rẹ́ iṣẹ́ abẹ máa ń mú ènìyàn rìn jìnnà, àti pé èébì ni ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀. Agégẹdú sọ fún un pé, "Ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù o, nọ́ọ̀sì. Garawa yẹn ni."

"Abẹ́rẹ́ wà tó ń dènà èébì, ẹ̀gbọ́n. A ó fún yín kí ẹ tó jí."

Ọkùnrin náà bi í pé, "Ṣé ó wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wá?"

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ló dáhùn láti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó wà. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n béèrè là ń fún."

Wọ́n fún un. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Wọ́n gbé e padà sórí ibùsùn, ó la ojú, ó tún sùn. Inú rẹ̀ kò rú rárá. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì náà sídìí iṣẹ́ mìíràn, kò sì sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́ náà fún àwọn ará ilé agégẹdú.

Ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga gbọọrọ. Ọyẹ́ bo ojú fèrèsé tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán fi dà bí ìdájí. Wọ́n gbọ́ tí aláìsàn kan bì. Wọ́n gbọ́ ti òmíràn.

"Tiyín ò tíì dé?" ni obìnrin kan wí. "Bóyá ó yà sọ́jà lọ́nà ni."

Ìyá àti ìyàwó wọlé. Garawa ṣófo, ó mọ́ tónítóní.

"Ó ń mí, Màámi," ni ìyàwó wí.

"Ara ló ń mí. Òun fúnra rẹ̀ dà?"

Ìyá mú ìgò epo pupa nínú apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń dà á sí i lọ́fun kí ó lè bì, ó ń pè é jẹ́jẹ́: "Àlàó, padà wá. Ọ̀nà ibí ni, Àlàó."

Ọmọ náà la ojú. Ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ó bì. Ojú ọgbẹ́ là, epo sì ti gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lóde, gbogbo àga gbọọrọ dìde pẹ̀lú ayọ̀: "Ó bì, ó dé!" Igbe yẹn ni ó gbọ́ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má wulẹ̀ bú ìyá náà. Ta ló kọ́ ọ pé ìnira ni àmì ìyè? Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ wọn ni. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí a máa dúpẹ́ fún garawa ju kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó sì ti pẹ́ tí a ti ń bá wọn dúpẹ́, tó fi jẹ́ pé bí ìrọ̀rùn bá dé, a ó rò pé òkú la gbé padà fún wa.

Bí wọ́n bá fẹ́ la ikùn èèyàn yín, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ fi ohùn òkè béèrè, kí ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì gbọ́, kí òun náà béèrè. Bí èèyàn yín bá sì padà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹ fi epo yín sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀.